Ẹ̀rọ Adóòlà: Ilé Là Ń Wò

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi wọn ìdíje kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe káàkiri ayé: ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì tí ń dá lọ wá ẹni tí ó wà nínú ewu. Kò sí ẹni tí ń darí rẹ̀. Ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ kọ sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni ó ń tẹ̀ lé.

Níbo ni ó ti ṣẹ̀? Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1995, ilẹ̀ mì tìtì ní Kobe ní ilẹ̀ Japan. Àwọn tí ó kú lé ní 6,000. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí ẹkún. Wọ́n fi àjálù ìlú wọn ṣe ìbéèrè, wọ́n sì dá ẹ̀ka adóòlà sílẹ̀ nínú ìdíje RoboCup. Ọdún 2001 ni wọ́n kọ́kọ́ díje níbẹ̀, ní Seattle ní Amẹ́ríkà.

Ní ìpele àwọn ọ̀dọ́, rọ́bọ́ọ̀tì a máa tọ ìlà dúdú lórí ilẹ̀ funfun, a sì máa ṣa bọ́ọ̀lù aláwọ̀ fàdákà tí ó dúró fún ẹni tí ó wà láàyè. Ẹ̀kọ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n bí a bá gba ife-ẹ̀yẹ lórí bọ́ọ̀lù, tí ọkọ̀ sì dojú dé ní ọ̀sà Àgbádárìgì, kí ni èrè wa?

Ọ̀sà kò ní ìlà dúdú. Omi ń ṣàn, ó sì ń gbé ènìyàn kúrò níbi tí ó ti ṣubú. Láti ọdún 1984 ni koríko orí omi ti gba ìhà Àjàṣẹ́ wọ odò Àgbádárìgì; ó lè bo ènìyàn mọ́lẹ̀, ó sì lè lọ́ mọ́ ẹ̀rọ. Rọ́bọ́ọ̀tì tí ń lọ tí ń bọ̀ bí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè lè máa wá ènìyàn níbi tí omi ti gbé e kúrò. Apẹja Ègùn àti atukọ̀ tí ń gbé èrò lọ sí Gberefu ni ó mọ ibi tí omi ń gbé nǹkan lọ, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Ìmọ̀ wọn ni ó yẹ kí ó wà nínú ètò náà.

Nítorí náà, kí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ó wà ní Ọjọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga yòókù dá ìdíje kan sílẹ̀ létí ọ̀sà. Kí àwọn atukọ̀ jókòó pẹ̀lú àwọn adájọ́.

Ẹlòmíràn yóò ní kò sí owó. Ẹ̀ka kan wà nínú RoboCup láti ìbẹ̀rẹ̀ tí kò lo ẹ̀rọ tí ń rìn rárá: inú kọ̀ǹpútà ni ìlú tí ó wó wà, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ ètò fún panápaná, ọlọ́pàá àti àwọn agbáláìsàn. A lè ṣe ọ̀sà wa bẹ́ẹ̀ kí a tó ra bátìrì kan ṣoṣo.

Ẹ̀rọ kò ní gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òmùwẹ̀. Yóò fi ibi tí òmùwẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀ hàn án ni, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ẹni tí ń mu omi ní. Ará Kobe wo ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí àwa náà wo tiwa.