Wọ́n Ń Yẹ Àpò Wa Wò Lẹ́nu Ọjà, Ta Ló Ń Yẹ Ẹ̀wà Wò?

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oòjíire tó wà ní Lamisula àti káàkiri ìgboro Maiduguri, ẹ gbọ́ o. 

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká sọ. Bí a bá ti béèrè láàárín ara wa bóyá ìjọba ń ṣe tó láti dáàbò bo ẹ̀mí aráàlú àti oúnjẹ tá à ń jẹ, àwọn kan á ní ìjọba ń gbìyànjú. NAFDAC ń bẹ, òfin ń bẹ, àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì náà ń bẹ. Ìdáhùn tiwa ni pé kò tó. Ìjọba wa mọ òfin í ṣe, ó sì mọ ọ̀rọ̀ ìtùnú í sọ. Èyí tí kì í ṣe ni kó lọ wo nǹkan kó tó bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí omi. Láàárín 1984 sí 1986 ni wọ́n kọ́ dáàmù Alau sórí odò Ngadda. Ní 1994, omi ya wọ ìlú yìí, àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ò tíì gbàgbé. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè ní òun ò mọ ohun tí odò yẹn lè ṣe. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, òjò pọ̀, àwọn èèyàn ń kùn pé dáàmù fẹ́ fọ́. Àwọn aláṣẹ jáde, wọ́n ní kò séwu, kí kálukú fọkàn balẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ní ìdájí ọjọ́ kẹwàá oṣù yẹn, omi dé. Ó gba Gwange, ó gba Fori, ó wọ Monday Market, ó wọ ààfin Shehu, kò sì yọ ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì sílẹ̀. Ní ọgbà ẹranko Sanda Kyarimi, àwọn alábòójútó sọ pé nínú ẹranko 100, ó lé ní 80 tó bá omi lọ. Èèyàn tó kú lé ní 30, àwọn tí omi lé kúrò nílé sì lé ní 400,000.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe dáàmù náà, wọ́n ní bílíọ̀nù 80 náírà ni iṣẹ́ náà máa gbà. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìgbà tí ilé ti wó tán ló yẹ kí owó ògiri jáde? Ẹni tó sọ fún wa pé ká fọkàn balẹ̀, kí ló rí níbẹ̀ tó fi sọ bẹ́ẹ̀? Mítà mélòó ni omi ga lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀? Ká ní wọ́n ń kéde gíga omi lórí rédíò lójoojúmọ́ bí wọ́n ṣe ń kéde òkú, àwọn ìyá wa ì bá ti gbé ọmọ pọ̀n kí ilẹ̀ tó ṣú.

Omi lọ tán, ohun tó fi sílẹ̀ kò lọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ kéde pé onígbáméjì ti bẹ́ sílẹ̀ ní Borno. Onígbáméjì kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Bí omi bá bo ṣáláńgá mọ́lẹ̀, ohun tó wà nínú ṣáláńgá á bá omi rìn, á wọ inú kànga. Mẹ́rúwà á fa omi, á ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa, àwa náà á rà á, torí pé omi náà mọ́ lójú. Àrùn tó lè pa àgbàlagbà láàárín wákàtí díẹ̀ ń gbé inú omi tó mọ́ lójú. Ta ló ń yẹ kànga tí mẹ́rúwà ti ń pọn omi wò? Ta ló ń bu oògùn sí i? Ní ìgbà àjàkálẹ̀ a máa ń rí wọn. Bó bá ti rọlẹ̀, wọ́n á lọ, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn, ó di òjò mìíràn.

Ó wá ku oúnjẹ. Borno wà lára ibi tí ẹ̀wà ilẹ̀ yìí ti ń wá. Àwọn tó ń kó o nínú wa mọ̀ pé ẹ̀wà tó bá gbéra níbí, Ìbàdàn ni, Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Èkó ni. Ìyá wa ló máa fi se mọ́ínmọ́ín, ọmọ àbúrò wa ló máa fi àkàrà rẹ̀ mu ògì. Kòkòrò ò sì fẹ́ràn ohun míì bí ẹ̀wà. Kí ẹ̀wà má baà di ìyẹ̀fun, àwọn kan ń da ọ̀tápìápìá sí i, Sniper tí àwọn èèyàn fi ń pa aáyán. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀. Májèlé ni. Iṣan ara ló ń bá jà: òógùn, èébì, èémí tí kò já geere.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà. Ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí kò ju mìlígíráàmù 0.01 lọ nínú kìlógíráàmù kan. Èyí tí wọ́n bá nínú ẹ̀wà wa bẹ̀rẹ̀ láti 0.03, ó sì dé 4.6. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìlọ́po 460. Òyìnbó yẹ ẹ̀wà wò, ó dá a padà. Ní ilé, àwa ṣáà ń jẹ ẹ́. Ní 2019, NAFDAC fòfin de ìgò Sniper kékeré, wọn ò fẹ́ kó máa wà káàkiri mọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jáde síta kẹ́ ẹ wo àwọn tó ń kiri oògùn eku àti oògùn ìdun, kẹ́ ẹ wá sọ fún wa bóyá òfin náà ti dé àdúgbò yín. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Múdù ẹ̀wà mẹ́wàá tó wà lórí àtẹ, ojú lásán ò lè mọ èyí tí wọ́n da májèlé sí.

Ẹ wò ó, ní ìlú yìí, wọ́n ń yẹ ara wa wò ká tó wọ ọjà. Wọ́n ń tú àpò wò nítorí bọ́ǹbù, a sì fara mọ́ ọn torí a mọ ohun tí ojú wa rí. Ìyẹn fi hàn pé ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń dúró lẹ́nu ọjà. Ẹ̀wà ń gba iwájú wọn kọjá nínú ọkọ̀ akẹ́rù, a ò tíì rí ẹni tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ogun ni kò jẹ́. Inú ogun yìí náà ni wọ́n ti ṣẹ́gun rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Borno ni wọ́n ti rí ojúlówó kòkòrò rẹ̀ gbẹ̀yìn ní 2016, nígbà tó sì di ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, wọ́n kéde pé ó ti kúrò ní Áfíríkà. Ní 2017, nígbà tí onígbáméjì mú àwọn èèyàn ní Muna Garage, wọ́n fún nǹkan bí 900,000 èèyàn ní àjẹsára mu. Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń kà, wọ́n ń padà wá. Ẹni tó ṣe ìyẹn ò lè ní òun ò mọ̀ ọ́n ṣe.

Àwọn àgbà wa mọ wolé-wolé. Bó bá ti yọ lọ́ọ̀ọ́kán, ìyálé ilé á sáré da omi tó ní tanwíjí nù, ẹlẹ́ran á bo àtẹ rẹ̀. Àwọn èèyàn kórìíra rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì gba ẹ̀gúnjẹ. Síbẹ̀, ó ń wá. Ohun tá a pàdánù nìyẹn: ẹni tó ń wá nígbà tí kò tíì sí òkú.

Àwọn kan á ní, "Àlejò ni wá níbí, ẹ jẹ́ ká dákẹ́." Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi í ríran. Àwa tá a bí ọmọ síbí, tí ọmọ wa ń sọ Hausa àti Kànúrí, tí à ń sanwó ṣọ́ọ̀bù àti owó orí, àlejò wo ló tún kù? Omi Alau ò béèrè ìpínlẹ̀ tí a ti wá kó tó wọlé.

Ohun tá à ń béèrè ò pọ̀. Kí wọ́n máa kéde gíga omi dáàmù ní gbogbo àkókò òjò, ní Kànúrí, Hausa àti èdè tó bá yé aráàlú. Kí wọ́n máa yẹ kànga àwọn mẹ́rúwà wò lóṣooṣù, kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sára kànga. Kí wọ́n máa bu ẹ̀wà wò lẹ́nu ọjà, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí fún gbogbo ayé gbọ́. Ẹ̀yin tó ń ta ẹ̀wà nínú wa, ẹ lo àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀. Kòkòrò á kú sínú rẹ̀ láìsí oògùn kankan. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ìpamọ́ irè oko wà ní Ìlọrin lọ́hùn-ún, kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ yìí wá sọ́jà níbí.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ yìí lọ bá Bulama àdúgbò àti káńsẹ́lọ̀, àwa àti àwọn Kànúrí, Ṣúwà, Marghi àti Ígbò tá a jọ ń pọn omi. Bí wọ́n bá tún sọ fún wa pé ká fọkàn balẹ̀, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n pé: ẹ ti lọ wò ó?