Àìmọ̀ Nípa Ẹ̀sìn ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àìgbọ́fá ni à ń wòkè, Ifá kan kò sí ní párá. Òwe yìí bá ọ̀ràn àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa ẹ̀sìn ẹlòmíràn mu. Wọn a wo aṣọ, wọn a wo irùngbọ̀n, wọn a sì rò pé àwọn ti rí ọkàn.

Ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2001, ní ìlú Mesa ní ìpínlẹ̀ Arizona, ọkùnrin kan yìnbọn pa Balbir Singh Sodhi níwájú ilé-epo rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni àwọn kan ti fi ọkọ̀ òfuurufú kọlu ìlú New York, inú sì ń bí apànìyàn náà sí àwọn Mùsùlùmí. Láwàní àti irùngbọ̀n ni ó rí tí ó fi ka Sodhi mọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́sìn Sikh ni ọkùnrin náà, ẹ̀sìn tí Guru Nanak dá sílẹ̀ ní Punjab ní nǹkan bí 500 ọdún sẹ́yìn. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, kò lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà. Ìkórìíra ni ó gbé ìbọn. Àìmọ̀ ni ó tọ́ka ẹni tí ọta yóò bà.

Báwo ni irú àìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe wọ orílẹ̀-èdè tí ilé-ẹ̀kọ́ pọ̀ sí tó báyìí? Àwọn kan a máa di ẹ̀bi ru Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ náà, nítorí pé ní ọdún 1963 ó ka kíka Bíbélì fún ìsìn léèwọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kan náà sọ gbangba pé ó tọ́ láti kọ́ ọmọ nípa ẹ̀sìn, bí a ti ń kọ́ ọ ní ìtàn. Ààbọ̀ ìdájọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́. Nígbà tí Pew Research Center bi àwọn ará Amẹ́ríkà tí ó lé ní 3,000 léèrè ọ̀rọ̀ ní ọdún 2010, 89 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó mọ̀ pé olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kò gbọdọ̀ ṣáájú ọmọ nínú àdúrà. 36 péré ni ó mọ̀ pé ó lè kọ́ wọn nípa onírúurú ẹ̀sìn ayé.

Kì í sì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ó kùnà. Nínú àwọn ọmọ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì tí a bi léèrè, ju ìdajì lọ ni kò mọ̀ pé Martin Luther ni ó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tí ìjọ wọn ti ṣẹ̀. Orin àti ìwàásù nìkan kì í sọ ènìyàn di ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀sìn ara rẹ̀, áḿbọ̀sì ti ẹlòmíràn.

Ẹ̀rù a máa ba àwọn òbí mìíràn pé ọmọ tí a bá kọ́ nípa ẹ̀sìn ẹlòmíràn yóò kọ ti ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rù yìí kò ní ìdí. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà ilé aládùúgbò rẹ̀ kò tì í kó kúrò nílé bàbá rẹ̀; ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ariwo bá sọ lóru, yóò mọ ẹni tí ń bọ̀, kò sì ní í sọ òkò lu aláìṣẹ̀.