Ọdún Aládùúgbò Wa

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ṣùgbọ́n Kútọnu ni mo ń gbé. Onígbàgbọ́ ni mí.

Ní oṣù kejìlá, nígbà tí ọyẹ́ bá dé, a máa ń ṣe ọdún Kérésìmesì. Mo máa ń se ìrẹsì, mo sì máa ń bù ú fún gbogbo ará ilé. Àwọn Fọn tí wọ́n ń sin Vodun máa ń gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ọdún tiwọn kì í pẹ́ dé. Oṣù kìn-ín-ní ni. Ní ọdún 1998, ọjọ́ 10 oṣù náà di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Èrò máa ń kún etí òkun ní Ouidah.

Ní ọjọ́ náà, mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ mi. Ní ọdún kan, ọmọ mi bi mí pé, "Màmá, ṣé àwọn tí wọ́n jẹ ìrẹsì wa ni a ń sá fún?" Ojú tì mí. N kò rí èsì fún un.

Lójú tèmi, kíkí ènìyàn kú ọdún kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Bí o kò bá fẹ́ jẹ oúnjẹ ìrúbọ, fi ọ̀wọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí onílé. Àwọn baba wa pàápàá kì í ṣe àjèjì sí nǹkan wọ̀nyí: Ifá ni wọ́n ń pè ní Fá, Ògún ni wọ́n ń pè ní Gu.

Ẹ̀yin ará, ẹ di ìgbàgbọ́ yín mú, ṣùgbọ́n ẹ ṣílẹ̀kùn. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.