Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Fọwọ́ Kan Ẹni Tí Ó Farapa?

Àwọn àgbà wa ní, igi gánganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Òwe yìí ni a fi ṣí ọ̀rọ̀ wa ní oṣù yìí, nítorí ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin ìjòyè àti ọ̀mọ̀wé ìlú Ìdànrè sọ jẹ́ ohun tí a kì í sábà rántí àfi ní ọjọ́ tí ó bá kan ilé wa. Bí ọkọ̀ bá dojú dé ní ọ̀nà Àkúrẹ́, bí àdá bá yẹ̀ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ nínú oko kòkó, bí ejò bá bu ọmọdé jẹ ní abúlé tí ó jìnnà sí títì, ta ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án? Níbo ni ẹni náà sì ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀?

A mọ dókítà tí ń ṣiṣẹ́ abẹ. A mọ ti àwọn ọmọdé, a sì mọ ti ojú. Ṣùgbọ́n irú kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ dáadáa, èyíinì ni dókítà pàjáwìrì. Ẹ̀kọ́ tirẹ̀ dá lórí wákàtí àkọ́kọ́ tí ìjàǹbá tàbí àìsàn òjijì dé: bí a ti í dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ti í la ọ̀nà fún èémí, àti bí a ti í mọ̀, láàárín ènìyàn mẹ́wàá tí ń kérora, ẹni tí kò lè dúró mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ilú Cincinnati ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ẹ̀kọ́ṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1970, nígbà tí ó sì di 1979 a gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka iṣẹ́ ìṣègùn tí ó dá dúró. Ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni dókítà fi ń kọ́ ọ lẹ́yìn tí ó bá ti gba ìwé-ẹ̀rí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́kọ́ ń lo ọdún méjì ní ẹ̀ka iṣẹ́ oríṣiríṣi, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́fà.

Ní ilẹ̀ tiwa, ọmọ tí ó bá fẹ́ di dókítà yóò lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì, ọdún kan lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn, àti ọdún kan fún ìsìnrú ìlú, kí ó tó máa wá ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ kankan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa, ẹni tí a ó bá lóru nígbà tí a bá gbé ẹni tí ó farapa dé ni ọ̀dọ́mọdé dókítà tí kò pẹ́ tí ó jáde. Àwa kò gan wọn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni wọ́n ti gbà là. Ohun tí a ń sọ ni pé a fi iṣẹ́ tí ó le jù lé ẹni tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kéré jù lọ́wọ́.

Ẹlòmíràn yóò sọ pé, ẹ jẹ́ kí a rán àwọn ọmọ wa lọ kọ́ ọ ní ìlú òyìnbó. Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọjọ́ 5 oṣù keje 1948 ni ìjọba ti ń san owó ìtọ́jú. Bí ènìyàn bá ṣubú ní títì, ọkọ̀ agbáláìsàn yóò dé pẹ̀lú àwọn tí a ti kọ́, ìtọ́jú yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ kí dókítà tó rí i. Ní Ìdànrè, lórí ọ̀kadà tàbí lẹ́yìn ọkọ̀ ni a ń gbé tiwa wá, ará ilé rẹ̀ yóò sì máa sáré kiri wá owó káàdì àti ẹ̀jẹ̀. Dókítà tí a kọ́ fún ti ọ̀hún nìkan yóò bá iṣẹ́ mìíràn níhìn-ín.

Ẹ wo ohun tí àwọn ará Gánà ṣe. Ní ọjọ́ 9 oṣù karùn-ún 2001, ènìyàn tí ó ju 120 lọ kú sínú ìkọlùkọgbà ní pápá bọ́ọ̀lù Accra. Wọ́n kò fi ẹkún nìkan parí rẹ̀. Ní 2009, ilé ìwòsàn Komfo Anokye ní Kumasi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dókítà pàjáwìrì, àwọn olùkọ́ láti yunifásítì Michigan sì wá bá wọn níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ni ó rìnrìn-àjò; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúró ti àwọn aláìsàn ìlú wọn.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí pé ilé wa yàtọ̀, kí ó fún wa ní ẹ̀kọ́ ààbọ̀. Ní 1930, ìjọba òyìnbó dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Yábà, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń jáde gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ dókítà, pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí tí a kò kà sí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà J. C. Vaughan àti àwọn ọ̀dọ́ Èkó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dìde ní 1934, wọ́n sì fi ohùn kan tako ẹ̀kọ́ Yábà tí kò kún. Ohun tí wọ́n kọ̀ lọ́wọ́ àlejò, kí àwa má gbà á lọ́wọ́ ara wa.

Kò yẹ kí a máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Fransisi Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀. Ó tó ogójì ènìyàn tí ó kú, a sì gbé àwọn tí ó farapa lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ àti ti St. Louis ní ìlú náà. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ránṣẹ́ ṣáájú. Òfin ètò ìlera ti 2014 ti pàṣẹ pé kí ilé ìwòsàn kankan má ṣe lé aláìsàn pàjáwìrì padà. Òfin ti 2017 sì pàṣẹ pé kí a tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, bí kò tilẹ̀ mú ìwé ọlọ́pàá wá. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè di egbò. Ènìyàn ni í di í.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fi síwájú yín. Èkíní, kí àwọn ọba àti ìjòyè bá àwọn aṣojú wa ní Àkúrẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ̀kọ́ṣẹ́ dókítà pàjáwìrì lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa lábẹ́ Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn tí a dá sílẹ̀ ní Oǹdó ní 2015, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì máa wá lo oṣù díẹ̀ ní ilé ìwòsàn irú tiwa. Èkejì, kí ìlú ran dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ láti kọ́ iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú àdéhùn ọdún tí wọn yóò fi sìn wá, nítorí a mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni ó ń kọjá lọ sí òkè òkun. Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ àwọn ọlọ́kadà, awakọ̀ àti àwọn ọmọ ilé-ìwé bí a ti í tẹ ojú egbò kí ẹ̀jẹ̀ dá, àti pé ẹni tí ejò bù jẹ, a kì í sín in ní gbẹ́rẹ́, a kì í sì í so ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin. Ilé ìwòsàn ni a ń gbé e lọ kíákíá.

Àwọn baba wa kò dúró kí ogun dé ẹnu-ọ̀nà kí wọ́n tó gun orí òkè. Kí àwa náà múra nígbà tí ara ṣì le.