ẸNI TÍ Ó Ń GBÉ ẸRÙ LÓ YẸ KÍ Ó MỌ OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó-oṣù. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Àwọn kan ń sọ pé yuréníọ̀mù, tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná àti bọ́ǹbù, àti ìtànṣán olóró tí ń jáde lára rẹ̀, kò kan mẹ̀kúnnù Òkè-Ògùn. Pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ni. Irọ́ ni! Ó kàn wá, nítorí pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá.

Ẹ wo Arlit ní orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, aládùúgbò wa. Ní 1971 ni ilé-iṣẹ́ SOMAIR bẹ̀rẹ̀ sí wa yuréníọ̀mù níbẹ̀. Ní 1978 ni COMINAK bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó o lọ tan iná ní ilẹ̀ Faransé. Kí ni ó kù sí Arlit? Ní 2010, ẹgbẹ́ Greenpeace tẹ ìwádìí wọn jáde. Ní ojú pópó Akokan, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé, wọ́n rí ibi tí ìtànṣán rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 500 ti ibòmíràn. Nínú omi 5 tí wọ́n yẹ̀ wò, yuréníọ̀mù inú 4 ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí lọ. COMINAK ti ilẹ̀kùn ní March 31, 2021. Ó fi nǹkan bí mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú.

Ta ni ó kọ́kọ́ pariwo níbẹ̀? Kì í ṣe ọ̀gá kankan. Almoustapha Alhacen ni, òṣìṣẹ́ ibi ìwakùsà náà, tí ó dá ẹgbẹ́ Aghirin'man sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ bí tiwa ni.

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ gbọ́ tiyín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ ńláńlá fi ń gbé yuréníọ̀mù láti Arlit wá sí Párákú ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kí ọkọ̀ ojú irin tó gbé e dé Kútọnu. Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Ṣakí dé ẹnubodè mọ̀ pé Párákú kò jìnnà sí wa. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá wí fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ní December 2002, wọ́n jí ohun èlò olóró ilé-iṣẹ́ Halliburton, tí wọ́n fi ń wádìí epo, láàrin Warri sí Port Harcourt. Ní 2003 ni wọ́n rí i láàrin irin àlòkù ní ilẹ̀ Jámánì! Irin kì í fẹsẹ̀ rìn. Ẹnìkan ló gbé e sọ́kọ̀. Ẹnìkan ló wà á. Ta ni ó kìlọ̀ fún wọn?

Ìtànṣán olóró kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, kì í tani lójú ẹsẹ̀. Eruku yuréníọ̀mù àti afẹ́fẹ́ tí ń jáde lára rẹ̀ a máa wọ ẹ̀dọ̀fóró awakùsà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni jẹjẹrẹ máa ń yọjú. Nígbà náà, agbanisíṣẹ́ á ní sìgá lo mu.

Wọ́n máa ń sọ pé bí a bá ń béèrè ìbéèrè, iṣẹ́ á lọ. A dá wọn lóhùn: iṣẹ́ tí kò lè fara da ìbéèrè, pósí ni ó ń gbẹ́. Àwa kò kọ iná mànàmáná. Òkùnkùn ti sú wa. Ní 2009 ni ìjọba wa bá Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé lórí agbára yuréníọ̀mù. Òfin ààbò ìtànṣán ti wà láti 1995, àjọ tí ń mójú tó o sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001. Ṣùgbọ́n òfin tí òṣìṣẹ́ kò gbọ́ nípa rẹ̀, ìwé lásán ni.

Ohun tí a ń béèrè nìyí:

1. Kí a kọ ohun tí ó wà nínú ẹrù sí ara rẹ̀, ní èdè tí awakọ̀ àti alágbàárù gbọ́.

2. Kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀rọ onítànṣán fi hàn wá, kí wọ́n sì fún ẹni tí ń lò ó ní báàjì tí ń ka iye tí ó wọ̀ ọ́ lára. Kí wọ́n fi ìwé rẹ̀ hàn án.

3. Kí ìyẹ̀wò ara ọ̀fẹ́ máa bá a lọ lẹ́yìn tí òṣìṣẹ́ bá ti fẹ̀yìn tì.

4. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ará ìlú wà níbi ìpàdé kí wọ́n tó kọ́ ohunkóhun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra irin àlòkù, bí ẹ bá rí àmì abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta dúdú lórí àwọ̀ òféfèé, ẹ má ṣe fọ́ ọ, ẹ má ṣe gbé e sílé. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ sọ fún ọlọ́pàá àti fún ẹgbẹ́.

Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa. Ẹni tí kò bá béèrè ni wọ́n ń gbé ẹrù ikú lé lórí.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára wa!