Ọmọ tí a pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn

Àwa ọmọ Kétu tí a gbọ́ Faransé a máa sọ pé òógùn ojú wa ni a ń jẹ. Òtítọ́ àbọ̀ ni. Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 fi Faransé ṣe èdè ìjọba. Ó gba àwùjọ kọ̀ọ̀kan láyè láti sọ èdè tirẹ̀ àti láti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n níwájú akọ̀wé ìjọba, ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá nìkan, bí ó ti wù kí ó gbọ́n tó, ògbufọ̀ ni yóò máa wá.

Ta ni ó rán wa ní ilé-ìwé? Ọkọ́ bàbá wa ni, àti ẹrù tí àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin rù lọ sí ọjà nígbà tí àwa ń kàwé. Èmi tí mò ń kọ èyí, àwọn ni ó pọ̀n mí.

Àwọn kan yóò ní ìjọba ti mú owó ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò láti ọdún 2006, pé ẹni tí kò kàwé ni ó fà á. Ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ńkọ́? Ọmọ tí a ń fi èdè tí kò gbọ́ rí nílé kọ́ ní ìwé ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí á yé yangàn. Gbèsè ni ìwé tí a kà. Kí olúkúlùkù wa kọ́ ẹnì kan ní kíkà àti kíkọ Yorùbá, kí ó sì máa túmọ̀ ìwé ìjọba fún aládùúgbò rẹ̀ láìgba owó. Ẹni tí a pọ̀n dé ibi tí ó ń lọ, ó yẹ kí ó padà wá pọn ẹlòmíràn.