Ẹ Bi Olóko Léèrè Kí Ọmọ Tó Já Ewé

Lọ́fínńdà tí a ń fín sára, láti ara orúkọ ewéko kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní lavender ni a ti rí i. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, oko rẹ̀ lọ salalu, tọmọdé tàgbà sì ń lọ wò ó. Tiwa kò jìnnà: ẹ̀fínrín inú ọbẹ̀ wa, ẹbí kan náà ni òun àti ewéko yìí. Ẹ ó rí i lẹ́yìnkùlé àti lóko lọ́nà Ìyìn àti Ìgèdè.

Èrò tèmi ni pé ó yẹ kí ọmọ ìgboro dé oko, kí ó fọwọ́ ra ewé, kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì mọ orúkọ rẹ̀. Eré inú oko a máa mú ara ọmọ le ju ìjókòó ti tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù bí ẹ ti ń bẹ̀rù ejò: oògùn apakòkòrò àti oògùn tí ń pa koríko. Ewé lè máa ta sánsán kí oògùn sì wà lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ bi olóko léèrè ìgbà tí ó fín oògùn kẹ́yìn. Bí kò bá lè sọ ọ́, ọmọ kò gbọdọ̀ já ewé náà.

Ìgò tí ọmọ bá sì rí nínú ahéré, kò gbọdọ̀ gbé e sẹ́nu. Àwọn mìíràn a máa bu oògùn sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ̀kún ẹnu kan paraquat lè pa àgbàlagbà, kò sì ní ẹ̀rọ̀. NAFDAC ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ṣùgbọ́n ìgò àtijọ́ lè ṣẹ́kù síbì kan.

Bí oògùn bá ta sí ọmọ lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ àti ọ̀pọ̀ omi wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gbé e mì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ìgò náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó lójú ẹsẹ̀. Bí ejò bá bù ú ṣán, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má so ó pinpin. Ilé ìwòsàn náà ni.

Bàtà tó bo ẹsẹ̀, ṣòkòtò gígùn, omi mímu láti ilé àti ọṣẹ ìfọwọ́: ẹrù ọmọ tó ń lọ oko nìyẹn. Bí ẹ bá sì já ẹ̀fínrín wálé, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa kí ó tó wọ ọbẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.